Bi Bàbá Tísà: Ìdánwò Àwọn Tó Ń Darí Ríákítọ̀

Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, mo sọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ọmọ kan tí mo kọ́ ní físíìsì nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Òkè-Àdó, pé ó ti gba ìwé àṣẹ láti máa darí ríákítọ̀ núkílíà, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ti ń fọ́ átọ́ọ̀mù kí ooru rẹ̀ lè múná wá, ní Amẹ́ríkà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀ ni. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e pọ̀ ju èyí tí mo máa ń rí gbà lórí owó ìfẹ̀yìntì lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí àwa tó ti fẹ̀yìn tì ṣe máa ń kọ̀wé tó. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa sólà àti ínfátà, ẹ forí jì mí, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Bàbá Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkọ́bí mi ọkùnrin, ẹni ọdún 31, wà ní Amẹ́ríkà, ní ilé iṣẹ́ tó ń fi núkílíà múná wá. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń sọ pé òun ń múra ìdánwò. Mo pè é, kò gbé e. Bó bá sì gbé e, "Màámi, mo ń kàwé." Ó ti ka B.Sc., ó ti ka Másítà, ìwé wo ló kù nílẹ̀? Àbúrò rẹ̀ ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ obìnrin ló gbé e pamọ́. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, mi ò ní bínú. — Ìyá Ìbejì, aláṣọ, Gbági Tuntun

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ti obìnrin, n kò lè búra fún yín. Ti ìdánwò, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ọmọ náà ò tíì sọ ìdajì rẹ̀ fún yín.

Dígírí tó ní kọ́ ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni kò gba dígírí kankan. Inú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìwé àṣẹ ni wọ́n ń wò, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Nuclear Regulatory Commission ló sì ń fúnni. Títí ọmọ yín yóò fi gba tirẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tó ń darí ríákítọ̀ àfi kí ẹni tó ti ní i dúró tì í. Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ máa ń gbà tó ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì, owó oṣù sì ń wọlé ní gbogbo àkókò yẹn, nítorí náà ẹ má rò pé ebi ń pa á.

Ti ìpìlẹ̀ ló ṣáájú: ìbéèrè 50, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n mú ẹyọ kan, bíi ti JAMB. Ó gbọ́dọ̀ gba 40 ó kéré tán. Pọ́ǹpù àti fáàfù wà níbẹ̀, bí niútírọ́ọ̀nù, àwọn ègé kéékèèké tó ń fọ́ átọ́ọ̀mù, ṣe ń pọ̀ sí i tàbí dín kù nínú ríákítọ̀ wà níbẹ̀, ooru àti oru omi náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ibùdó tó ti ń ṣiṣẹ́ gan-an: ìbéèrè 75, 60 ló sì gbọ́dọ̀ gbà. Tó bá jẹ́ ipò ọ̀gá ló ń wá, ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún àwọn ọpirétọ̀, wọ́n á fi 25 mìíràn lé e. Ẹ má rò pé àkọ́sórí ló máa gbé e já. Wọn ò ní bi í pé kí ni pọ́ǹpù. Wọ́n á ní pọ́ǹpù báyìí kú, omi ń gòkè níhìn-ín, ìfúnpá ń rọlẹ̀ lọ́hùn-ún; ìwé ìlànà wo ni yóò kọ́kọ́ ṣí?

Gbogbo ìyẹn ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti símúlétọ̀. Yàrá kan ni, wọ́n kọ́ ọ kó bá yàrá ìdarí ibùdó náà mu, bọ́tìnnì sí bọ́tìnnì, iná sí iná, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló wà lẹ́yìn rẹ̀ dípò ríákítọ̀. Wọ́n á kó wọn wọ ibẹ̀ bí ikọ̀ kan, ẹnì kan á jẹ́ ọ̀gá, àwọn yòókù á wà nídìí pánẹ́ẹ̀lì; àwọn tó ń dán wọn wò á dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Nǹkan á máa lọ wẹ́rẹ́. Lójijì, ohun èlò kan tó ń wọn omi á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Wọn ò tíì yanjú ìyẹn tí pọ́ǹpù kan á kú. Kò pẹ́, páìpù ńlá á bẹ́, álámù á máa ké lọ́tùn-ún lósì, ríákítọ̀ á pa ara rẹ̀. Kò tán síbẹ̀ o. Ríákítọ̀ tó ń pèsè ooru mẹ́gáwáàtì 3,000, bó bá kú ní ìṣẹ́jú yìí, ooru tó ṣì ń jáde lára yuréníọ̀mù tó jẹ́ epo rẹ̀ á tó nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 200. Omi gbọ́dọ̀ máa dé ibẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ wò nìyẹn: ṣé omi ń dé ibẹ̀, báwo sì ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ń dé ibẹ̀?

Wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ síta. Ọ̀gá á ní, "Ṣí fáàfù kejì." Ọpirétọ̀ á dá a padà: "Kí n ṣí fáàfù kejì." Ọ̀gá á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," kí ọwọ́ tó kan nǹkan. Ọmọ tí mo kọ́ sọ fún mi pé èyí ló nira jù fún òun, òun tí mo máa ń yìn ní kíláàsì pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ẹlẹgbẹ́ òun kan tó mọ̀wé ju òun lọ já níbẹ̀, nítorí ó ti rí ìdáhùn lọ́kàn, ó sì sáré ṣe é láì wo ìwé ìlànà tó wà níwájú rẹ̀. Ó ṣe ohun tó tọ̀nà o! Wọ́n ṣáà já a. Ẹni tí yóò ṣe é ní agogo mẹ́ta òru bó ṣe ṣe é ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ń wá, mo sì gbà pé wọ́n jàre.

Ó nídìí. Ní ìdájí ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1979, ní Three Mile Island ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, fáàfù kan ṣí, ó kọ̀ kò padé mọ́. Iná kan lórí pánẹ́ẹ̀lì wá ń fi hàn bí ẹni pé ó ti padé, bẹ́ẹ̀ ohun tí iná náà mọ̀ kò ju pé wọ́n ti pàṣẹ fún un kó padé lọ. Àwọn ọpirétọ̀ wo ohun mìíràn tó ń wọn omi, wọ́n rò pé omi ti pọ̀ jù, wọ́n dín èyí tó yẹ kó mú ríákítọ̀ tutù kù. Nǹkan bí ìdajì epo inú rẹ̀ ló yọ́. Àwọn tó wà nídìí pánẹ́ẹ̀lì ní àárọ̀ ọjọ́ náà ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni símúlétọ̀ tó bá ibùdó kọ̀ọ̀kan mu di dandan.

Ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù lọ, Ìyá Ìbejì, ni pé ìdánwò yìí kì í tán. Bó bá yege, ọdún mẹ́fà ni ìwé àṣẹ náà ń lò. Láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, wọ́n á máa dá a padà sí símúlétọ̀ láti dán an wò lọ́dọọdún, wọ́n á sì gbé ìdánwò àkọsílẹ̀ fún un ní ọdún méjì méjì. Bó bá já, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nídìí pánẹ́ẹ̀lì títí wọ́n á fi tún un kọ́. Kódà bó bá yege gbogbo rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣe ṣíìfù márùn-ún oníwákàtí 12, tàbí méje oníwákàtí 8, láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí kò bá pé, ìwé àṣẹ náà á sùn, ó di kó tún lo wákàtí 40 lábẹ́ ojú ẹlòmíràn kó tó jí i. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó bá pè yín pé òun ti yege, ẹ má pa màlúù. Adìẹ kan lọ́dọọdún ló bá ọ̀rọ̀ náà mu.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ ìdánwò gan-an, ẹ má tilẹ̀ pè é. Wọ́n máa ń ya àwọn tó ti wọ símúlétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò tíì wọ̀ ọ́, kí wọ́n má baà ta ara wọn lólobó. Àwọn olùkọ́ tó ti rí ìbéèrè ń fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò ní sọ ọ́, wọn ò sì ní kọ́ àwọn ọmọ náà mọ́ títí ìdánwò yóò fi parí. Èmi tí mo ti bójú tó WAEC nílùú yìí, ẹ jẹ́ n panu mọ́.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kó jẹ́ àdúrà nìkan. Ọ̀rọ̀ ìyàwó lè dúró.

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Mo parí ND ní Pólì Ìbàdàn, ẹ̀ka ẹ̀rọ iná. Ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Challenge ń polówó "Ìwé Àṣẹ Àgbáyé fún Olùdarí Ríákítọ̀". Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, ₦450,000. Wọ́n ní a lè fi ṣiṣẹ́ ní Dubai, Kánádà àti South Africa. Mo ti san ₦50,000 sílẹ̀. Mo fi ìwé ìpolówó wọn ránṣẹ́ mọ́ lẹ́tà yìí. Ṣé kí n san ìyókù? — A.T., Sángo

Ìdáhùn: Má san kọ́bọ̀ mọ́.

Mo wo ìwé ìpolówó náà dáadáa. Wọ́n lẹ àmì IAEA, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ núkílíà, mọ́ orí rẹ̀. Àjọ yẹn, tó fìdí kalẹ̀ sí Vienna, kì í fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti darí ríákítọ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ìwé àṣẹ àgbáyé níbikíbi. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá tí wọ́n ń pè ní Emirates, níbi tí ibùdó Barakah wà, àjọ tó ń jẹ́ FANR ló ń ṣe é. Kánádà ní àjọ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba kì í tilẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé àṣẹ. Ilé iṣẹ́ náà ló ń yan àwọn tó tó bẹ́ẹ̀, tí ìjọba á sì máa ṣọ́ ilé iṣẹ́. Dubai tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò ní ibùdó núkílíà kankan. Barakah jìnnà sí i, ní agbègbè Abu Dhabi ló wà. Ẹni tó ń ta ìwé àṣẹ fún ọ ò mọ ibi tí ríákítọ̀ wà!

Wo ti Amẹ́ríkà tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀ yìí. O kò lè dá lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò náà bí o ṣe lọ forúkọ sílẹ̀ fún NECO. Ibùdó tó gbà ọ́ síṣẹ́ ló máa kọ̀wé sí ìjọba pé àwọn ń fẹ́ kí wọ́n dán ọ wò. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé o ti fọwọ́ ara rẹ darí agbára ríákítọ̀, lókè tàbí nísàlẹ̀, ó kéré tán ìgbà márùn-ún, yálà níbi tó wà gan-an tàbí nínú símúlétọ̀ tó bá a mu. Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Challenge, kí ni wọ́n fẹ́ kó o darí, jẹnẹrétọ̀ wọn? Bó o bá sì yege, ibùdó yẹn nìkan ni ìwé àṣẹ náà wà fún. Ọmọ tí mo kọ́ ò lè gbé tirẹ̀ lọ sí ibùdó mìíràn ní ìpínlẹ̀ kejì, àfi kó tún ibẹ̀ kọ́ kó sì tún ṣe ìdánwò wọn. Ìwọ wá fẹ́ gbé tìrẹ gba orílẹ̀-èdè mẹ́ta kọjá.

Mo mọ̀ pé ohun tó fa ojú yín mọ́ra ni ìwé tí wọ́n máa fi férémù sí. A fẹ́ràn ìwé ẹ̀rí nílẹ̀ yìí, a máa ń gbé e kọ́ ògiri, a ò sì ní ṣí ìwé mọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Irú èyí tí mò ń sọ yìí, bí èèyàn bá gbé e kọ́ ògiri fún oṣù mẹ́ta láì ṣe ṣíìfù, kò wúlò mọ́.

Nípa ₦50,000 rẹ, mú àgbàlagbà kan dání, kí ẹ lọ béèrè rẹ̀ ní ọ̀sán, kẹ́ ẹ sì mú rìsíìtì lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà. Lẹ́yìn náà, lọ parí HND rẹ. Bó o bá rí iṣẹ́ ní yàrá ìdarí èyíkéyìí, ti gáàsì, ti omi, ti ilé iṣẹ́ tó ń lo bọ́ílà, gbà á. Àwọn tó ti ṣe ṣíìfù òru nídìí ẹ̀rọ ńlá ló ń rọrùn fún jù nígbà tó bá yá. Bó bá sì jẹ́ pé ìmọ̀ rẹ̀ lò ń wá, ọ̀fẹ́ ni. Àjọ Amẹ́ríkà yẹn ti gbé ọ̀pọ̀ ìdánwò àtijọ́ wọn síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè àti ìdáhùn. Mo lọ tẹ ọ̀kan jáde lọ́dọ̀ onífọ́tòkọ́pì ní Mọ́kọ́lá. Ó bi mí bóyá Post-UTME ọmọ mi ni.

Ìbéèrè: Mò ń wo gíláàsì, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé irú mi lè ṣe iṣẹ́ yẹn? — Ẹni ọdún 40, Mọ́níyà

Ìdáhùn: Gíláàsì kì í ṣe ìdènà, wọ́n á kọ ọ́ sí ìwé àṣẹ yín pé ẹ gbọ́dọ̀ máa lò ó nídìí iṣẹ́. Bákan náà ni wọ́n lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ máa lo oògùn yín bí dókítà ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó. Ọdún méjì méjì ni dókítà ń yẹ wọ́n wò. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ni àìsàn tó lè dá èèyàn dùbúlẹ̀ lójijì nígbà tó dá wà. Ẹ tún gbọ́dọ̀ lè mọ iná pupa yàtọ̀ sí aláwọ̀ ewé àti ìyeyè. Ti ọtí ńkọ́? Wákàtí 5 ṣáájú ṣíìfù, kò gbọdọ̀ kan ẹnu, wọ́n sì máa ń pe èèyàn lójijì láti wá fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀yin onígbàdùn, ẹ ti gbọ́.

Ìbéèrè: Tísà, wọ́n ní Nàìjíríà ní ríákítọ̀ ní Zaria. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí iná rẹ̀ kò dé Ẹlẹ́yẹlé? — Bàbá onímọ́tò, Ẹlẹ́yẹlé

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ọdún 2004 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní Yunifásítì Ahmadu Bello. Àwọn ará Ṣáínà ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ríákítọ̀ ìwádìí ni. Ooru tó ń mú jáde kò ju nǹkan bíi kílówáàtì 30 lọ, kò sì sí tọ́báìnì, ẹ̀rọ tó ń yí láti múná wá, lára rẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n ń fi ṣe ni kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti yíyẹ iyẹ̀pẹ̀, òkúta àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò láti mọ ohun tó wà nínú wọn. Ní 2018, wọ́n kó epo alágbára tó wà nínú rẹ̀ padà sí Ṣáínà, wọ́n fi èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ṣe bọ́ǹbù rọ́pò rẹ̀. Ìwọ̀nba iná tí ẹ ń retí ní Ẹlẹ́yẹlé, ẹ máa retí rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti ń retí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A ní àjọ tó ń ṣọ́ irú nǹkan wọ̀nyí, NNRA. Òfin ọdún 1995 ló dá a sílẹ̀. Ìlú wa yìí náà sì ti wà nínú iṣẹ́ náà tipẹ́. Nígbà tí Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í dán bọ́ǹbù wò ní Sàhárà ní 1960, ọ̀rọ̀ náà bí Nàìjíríà nínú débi pé a lé aṣojú wọn lọ ní oṣù kìíní 1961. Ẹ̀ka físíìsì Yunifásítì Ìbàdàn ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìtànṣán núkílíà fìdí kalẹ̀ sí láyé ìgbà yẹn. Àwọn kan ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ọgbà yẹn títí di òní, tí ẹ̀yin tó ń gba iwájú UI kọjá lójoojúmọ́ ò sì mọ̀.

Ti ibùdó ńlá tó ń múná wá, wọ́n ti dárúkọ Geregu ní Kogí àti Itu ní Akwa Ibom; wọn ò tíì kọ́ ohunkóhun. Ní gbogbo Áfíríkà, Koeberg nítòsí Cape Town nìkan ló ń múná wá, láti nǹkan bí 1984. Íjíbítì ń kọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ ní El Dabaa láti 2022, Rọ́ṣíà ló ń bá wọn kọ́ ọ, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní iṣẹ́ ọpirétọ̀ nígbà tí símẹ́ǹtì ò tíì gbẹ. Bí ìjọba tiwa bá fẹ́ ṣe é lóòótọ́, ibi tí mo máa wò nìyẹn. Bí mo bá rí i pé wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sídìí símúlétọ̀, màá gbà wọ́n gbọ́. Bó bá jẹ́ pé rìbọ́ọ̀nù ni wọ́n ń gé, ẹ jẹ́ ká máa ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ wa.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. SS3 ni mo wà ní Mọ́lété. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún wa ní ìbéèrè kan nínú irú ìdánwò yẹn kí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ìdáhùn: O ṣeun, ọmọ dáadáa. Èyí kì í ṣe tiwọn, èmi ni mo gbé e kalẹ̀, àmọ́ ó jọ tiwọn. Ríákítọ̀ kan ti ń ṣiṣẹ́ ní kíkún fún oṣù kan gbáko, ó wá kú lójijì. Láàárín wákàtí mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí xenon-135, gáàsì kan tó ń jẹ yọ nínú epo rẹ̀? A: yóò máa dín kù. B: yóò máa pọ̀ sí i. D: kò ní yí padà. E: yóò pòórá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

B ni. Xenon yìí máa ń gbé niútírọ́ọ̀nù mì, ó sì ń dí iṣẹ́ ríákítọ̀ lọ́wọ́. Ara iodine-135 ló ti ń jáde. Ìdajì iodine náà ń di xenon láàárín wákàtí 6.6, nígbà tí ìdajì xenon fúnra rẹ̀ ń lo nǹkan bíi wákàtí 9 kó tó lọ. Nígbà tí ríákítọ̀ ń ṣiṣẹ́, niútírọ́ọ̀nù ń jó xenon kúrò bó ṣe ń wọlé. Ríákítọ̀ kú tán, kò sí ohun tó ń jó o mọ́, bẹ́ẹ̀ iodine tó ti wà nílẹ̀ ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ó ń ga títí di nǹkan bíi wákàtí 10 tàbí 11, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọpirétọ̀ tó bá fẹ́ tan ríákítọ̀ padà láàárín àkókò yẹn gbọ́dọ̀ ti ṣírò rẹ̀. Ní Chernobyl ní Ukraine, ní òru ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 1986 tí ríákítọ̀ ibẹ̀ bú gbàmù, agbára ríákítọ̀ ti wálẹ̀ jù, xenon ti pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fa ọ̀pá ìdarí, èyí tó ń dín agbára rẹ̀ kù, jáde ju bó ṣe yẹ lọ láti fipá gbé e sókè.

Ẹ̀yin tó mú A, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi mú un. Ìdí yẹn ni mo fẹ́ kà.